Kò sẹ́ni tó dìbò lòdì sí i: ta ló wá pa àbádòfin wa?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé ni mò ń ṣe ní Houston. Ní ọdún 2025, aṣòfin àdúgbò wa gbé àbádòfin kan wọlé pé kí wọ́n máa san owó àkókò tí à ń lò lójú ọ̀nà láti ilé aláìsàn kan dé ilé èkejì. Nínú oṣù kẹrin, àwa mẹ́fà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Austin, olú ìlú Texas, a jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kan. Alága rẹ́rìn-ín sí wa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó dìde tako ohun tí a sọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ọmọ mi bá mi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni “Left pending in committee”. Ta ló pa á? Ṣé gómìnà ló gbé e sápò ni? Ṣé ó ti kú pátápátá, àbí ká tún lọ?

— Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìn àjò Austin, ẹ sì kú ìfaradà. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tẹ̀lé àbádòfin kiri inú ilé aṣòfin náà, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Inú á máa dùn bọ̀ wálé pé wọ́n gbọ́ tiwa. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, kò ní sẹ́ni tó wí nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ọwọ́ gómìnà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àbádòfin yín kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò dé Sẹ́nétì, kò tilẹ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin 150 tó wà ní Ilé Aṣojú. Inú yàrá tí ẹ ti jẹ́rìí gan-an ló kú sí. Ohun tí gbólóhùn tí ọmọ yín kà túmọ̀ sí ni pé ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ láìdìbò. Gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Ní Texas, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àbádòfin ni alága máa ń gbé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọjọ́ mìíràn ni yóò tó pè é padà fún ìbò. Ọ̀pọ̀ òfin tí à ń lò lónìí ló ti jókòó sábẹ́ gbólóhùn yẹn rí. Ohun tó pa tiyín ni pé kò sí ìlà kankan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Alága kò pè é padà, kò sì sí òfin tó fi kànńpá lé e pé kó pè é.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti ẹ̀yin tún yàtọ̀ sí ìyẹn: wọ́n gbọ́ ẹjọ́ tán, wọn ò dá a rárá. Lójú tèmi, èyí burú ju kí wọ́n dìbò kí ẹ sì fìdí rẹmi lọ. Bí aṣòfin mọ́kànlá bá dìbò, tí mẹ́fà nínú wọn ní rárá, ẹ ó mọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ó sì mọ ilé ẹni tí ẹ máa lọ kàn. Ìdákẹ́ kò lórúkọ, ẹ ò lè ká a mọ́lé.

Kí ló wá ń mú alága dákẹ́? Ọjọ́ ni ká kọ́kọ́ kà. Ilé aṣòfin Texas kì í jókòó lọ́dọọdún. Ọdún méjì méjì ni, 2021, 2023, 2025, ọjọ́ 140 péré ni wọ́n sì ní nínú ọdún bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ wà fún gbígbé àbádòfin wọlé àti pípín wọn fún àwọn ìgbìmọ̀. Láàárín àkókò yẹn, èyí tí gómìnà bá kéde pé ó jẹ́ kánjúkánjú nìkan ni wọ́n sábà máa ń dìbò lé lórí. Ọjọ́ 80 ló wá kù. Ní ọdún 2023, àbádòfin tó wọlé lé ní 8,000. Ẹ fi ọjọ́ 80 pín in: ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, tí wọn ò bá sinmi ọjọ́ Àìkú. Èyí tó la ilé méjèèjì já lọ́dún náà kò ju bí 1,250 lọ, ìyẹn ẹyọ kan nínú mẹ́fà tàbí méje. Àwọn tó kù, díẹ̀ díẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni dìbò pa nínú wọn. Àkókò ló tán lé wọn lórí, àwọn tó ní agbára lórí àkókò ló sì jẹ́ kó tán.

Owó ló tẹ̀lé e. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé, Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, ló ń san án, ìpínlẹ̀ sì ń dá sí owó Medicaid. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa san owó ojú ọ̀nà yín, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣírò iye tí yóò jẹ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Legislative Budget Board ló ń ṣe ìṣirò náà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ní ọdún kìíní àbádòfin yìí yóò ná ìpínlẹ̀ ní iye báyìí, ní ọdún kejì iye báyìí, títí dé ọdún karùn-ún. Bí iye náà bá tóbi, tí wọn ò sì ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣúná, alága á wò ó pé òun kò ní fi ìbò ṣòfò lórí ohun tí kò ní owó nílẹ̀. Ó lè fẹ́ràn yín tọkàntọkàn, kí ẹ̀rín tó rín sí yín jẹ́ ẹ̀rín òótọ́, síbẹ̀ kó má pè é.

Ẹ ní kí ọmọ yín padà sójú ewé tó ti ka gbólóhùn yẹn. Lókè níbẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n kọ Text sí. Tó bá tẹ̀ ẹ́, yóò rí àbádòfin náà fúnra rẹ̀, yóò rí ìwé ìṣirò owó, yóò sì rí ìwé kan tó ń jẹ́ Witness List. Kó ṣí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Orúkọ ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò wà níbẹ̀, lábẹ́ àwọn tó fara mọ́ ọn. Kó má dúró síbẹ̀ o, kó wá sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n to àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn ò sọ̀rọ̀ sí. Ẹ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó dìde tako yín. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó dìde. Ṣùgbọ́n èèyàn lè lọ sídìí ẹ̀rọ tó wà nínú ilé aṣòfin náà, kó tẹ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹgbẹ́ tó rán an níṣẹ́, kó yan “Against”, kó sì jókòó sẹ́yìn yàrá láìla ẹnu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àìmọye ìgbà ni mo ti bá àwọn èèyàn ka ìwé yìí lẹ́yìn tí ìjókòó parí, tí ojú wọn yí padà. Wọ́n ti rò pé àwọn kò ní alátakò. Alátakò náà ló jókòó ti àpò wọn.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní tiyín, ẹ̀yin ni yóò yẹ ìwé náà wò. Bí ẹ bá rí orúkọ níbẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn kan sí “ta ló pa á”. Bí ẹ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ wo ìwé owó. Bí owó náà kò bá tó nǹkan, ìbéèrè tó kù le díẹ̀, ẹ ó sì bi aṣòfin yín ní ojúkorojú: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bẹ alága pé kó pè é? Nítorí ẹni tó gbé àbádòfin wọlé lè gbé ogójì wọlé, kó sì jẹ́ márùn-ún péré ló ń jà fún. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ẹ̀tàn ní gbogbo ìgbà. Ó ní iye ìgbà tí èèyàn lè lọ kan ilẹ̀kùn alága kan kó tó sú u.

Ohun tó tún dùn mí nínú lẹ́tà yín ni oṣù kẹrin tí wọ́n gbọ́ yín. Ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Ní Ilé Aṣojú Texas, ọjọ́ 122 ni ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n lè gbé àbádòfin tó ti inú ilé náà jáde sílẹ̀ fún ìjíròrò lórí kàlẹ́ńdà ojoojúmọ́. Ní 2025, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ló bọ́ sí. Àbádòfin tí wọ́n gbọ́ láàárín oṣù kẹrin ní bí oṣù kan láti gba ìbò ìgbìmọ̀, kí wọ́n tún tẹ ìròyìn rẹ̀, kó sì bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ó wà: ìgbìmọ̀ tó ń to kàlẹ́ńdà. Àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu àbádòfin tí yóò bọ́ síwájú gbogbo ilé, àti ọjọ́ tí yóò bọ́ síbẹ̀. Mo ti rí àbádòfin tí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ dìbò fún láìku ẹnì kan, tó dé ọwọ́ àwọn olùto-kàlẹ́ńdà, tó sì jókòó síbẹ̀ títí ilé fi túká.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọjọ́ 122 yẹn fún yín, nítorí pé ẹni tí kò bá rí i kò ní gbà á gbọ́. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ náà máa ń gùn, àbádòfin lórí àbádòfin. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí aago méjìlá òru bá ti lù, èyí tí wọn ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti kú. Ká ní aṣòfin kan kò fẹ́ èyí tó wà ní ìsọ̀rí ogójì, kò ní sọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. Orí ìkejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ní ìjà kankan nínú. Á lọ sídìí máíkì ẹ̀yìn, á bi ẹni tó ni í ní ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kí ló dé tí ẹ fi lo ọ̀rọ̀ yìí ní ìlà kẹta? Ǹjẹ́ ẹ ti bá àwọn ará àdúgbò yín sọ̀rọ̀? Onítọ̀hún á dáhùn. Ẹlòmíràn á gba máíkì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá á lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn á tún lọ. Ní Texas, wọ́n ní orúkọ fún un, chubbing ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ni àbádòfin ìsàlẹ̀ á máa wo aago ara ògiri, wọn ò lè ṣe nǹkan kan. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn aṣòfin díẹ̀ tí inú ń bí nítorí pé wọ́n ti dí tiwọn lọ́nà ṣe báyìí, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, wọ́n dojú kọ kàlẹ́ńdà àwọn àbádòfin kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Ìlànà kàlẹ́ńdà yẹn ni pé bí aṣòfin márùn-ún bá ti fọwọ́ sí ìwé àtakò, àbádòfin á bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn èèyàn bí ẹ̀yin, tí wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Austin, ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n sì jẹ.

Bí ó bá sì la Ilé Aṣojú já, Sẹ́nétì ń dúró. Aṣòfin 31 ló wà níbẹ̀, ìgbákejì gómìnà ló ń darí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi àbádòfin kan sórí òkè kàlẹ́ńdà wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́kàn láti sọ dòfin. Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọgbà ìgbafẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́. Yóò kàn jókòó síbẹ̀ bí òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí pé òun ló wà níwájú, gbogbo àbádòfin tó kù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹni 18 nínú 31 ló sì gbọ́dọ̀ fún un láyè. Kó tó di 2015, ẹni 21 ni. Wọ́n sọ ọ́ di 19 lọ́dún náà, wọ́n tún sọ ọ́ di 18 ní 2021. Ẹ rí i pé ìlànà kì í ṣe ohun tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn tó ń lò ó ló ń tún un ṣe, bó bá ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Nísinsìnyí ni mo tó wá kan gómìnà, torí pé ẹ béèrè bóyá ó gbé e sápò. Ní Texas, kò sí àpò. Bí ilé bá wà lórí ìjókòó, ọjọ́ mẹ́wàá ni gómìnà ní, láìka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn. Bí ilé bá ti túká, ogúnjọ́ ló ní. Bí kò bá buwọ́ lù ú, tí kò sì fagi lé e, òfin ló dà. Ní New York ọ̀rọ̀ yàtọ̀: lẹ́yìn tí ilé aṣòfin wọn bá ti túká pátápátá, èyí tí gómìnà kò bá buwọ́ lù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ti kú nìyẹn. Ìyẹn ni àpò tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfagilé gómìnà Texas lágbára ju bí ìwé ṣe kọ ọ́ lọ. Ìwé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì lè borí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n borí rẹ̀ kẹ́yìn ni ọdún 1979. Ìdí ni pé ọjọ́ bíi mélòó kan tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ àbádòfin máa ń parí, gómìnà á dúró kí ilé túká kó tó mú kálàmù. Gómìnà nìkan ló sì lè pe àwọn aṣòfin padà sí ìjókòó àkànṣe. Àwọn tí ìbá borí ìfagilé rẹ̀ ti wà nílé wọn. Ní 2023, Gómìnà Greg Abbott fagi lé 76. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó fi ṣàlàyé, kò sọ pé àbádòfin náà burú, ohun tó ń wí ni pé kí ilé méjèèjì lọ parí ìjà wọn lórí owó orí ilé àti ilẹ̀ ná. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ kan, ìjà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló gbé e lọ.

Kì í ṣe àwọn aláìní nìkan ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí. Àbádòfin SB 3 ti ọdún 2025 (SB dúró fún àbádòfin tó ti Sẹ́nétì wá), tó fẹ́ fòfin de àwọn ohun tí wọ́n ń fi THC, èròjà tó ń pani bí ọtí nínú ewéko hemp, ṣe, Ìgbákejì Gómìnà Dan Patrick fúnra rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ó la ilé méjèèjì já. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, nígbà tí aago méjìlá òru gbèdéke kù díẹ̀ kó lù, gómìnà fagi lé e. Ìjókòó àkànṣe méjì tẹ̀lé e lọ́dún kan náà, ìfòfindè yẹn kò sì di òfin síbẹ̀.

Ẹ lè máa rò pé bóyá bó ṣe rí níbi gbogbo nìyí. Rárá. Ní New Hampshire, níbi tí aṣojú 400 wà nínú ilé kan, gbogbo àbádòfin ló ń rí ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń padà sójú ilé fún ìbò. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, wọ́n ní gbólóhùn kan tí wọ́n ń lò, tó túmọ̀ sí pé kò yẹ láti fi ṣòfin. Ó dùn-ún gbọ́, ikú sì ni. Ṣùgbọ́n ìbò wà lórí rẹ̀. Ní Colorado, àwọn ará ìlú ló dìbò ní 1988 pé àbádòfin kan kò gbọ́dọ̀ kú sínú dúrọ́ọ̀ alága mọ́, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì dìbò. Àwọn olórí ilé wá ọgbọ́n mìíràn dá: èyí tí wọn ò bá fẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé yóò pa á. Síbẹ̀, tèmi ni pé ti Colorado sàn. Ẹ ó kú, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ọwọ́ tó pa yín. California ni mi ò fẹ́ràn. Àbádòfin tó bá ti lè ná ìpínlẹ̀ ní nǹkan bí $150,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú fáìlì kan ni ìgbìmọ̀ ìṣúná máa ń kó o sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣí fáìlì náà, nínú oṣù karùn-ún àti oṣù kẹjọ. Alága á máa pe nọ́ńbà wọn kíákíá, èyí yè, èyí kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú ìjókòó kan, láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí àlàyé.

Ẹ wá bi mí pé ṣé ó ti kú pátápátá. Nọ́ńbà rẹ̀ ti kú. Ní Georgia tàbí California, àbádòfin tí kò parí ní ọdún kìíní lè wọ ọdún kejì lọ. Texas kò ní irú rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 2025 tí ilé túká, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lọ, afi kí wọ́n tún un gbé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kú. Ní alẹ́ ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù karùn-ún 2021, SB 7 lórí ètò ìdìbò kù díẹ̀ kó di òfin. Ẹni 100 nínú aṣòfin 150 gbọ́dọ̀ wà nínú Ilé Aṣojú kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Democrat rọra ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye náà kò pé mọ́, aago méjìlá sì pa á. Inú wọn dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, lẹ́yìn ìjókòó àkànṣe, gómìnà buwọ́ lu SB 1, púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú SB 7 ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn alágbára lè ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, ó lè gba ẹ̀yin ní ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Ó sì lè gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Kó tó di 2023, owó ìpìlẹ̀ tí Texas fi lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín lábẹ́ Medicaid jẹ́ $8.11 ní wákàtí kan. Inú ìwé ìṣúná ọdún 2023 ni ó ti di $10.60, láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹni tó bá ń wo orúkọ àbádòfin nìkan kò ní rí i nígbà tí ohun tó ń wá bá gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n tún lè so ọ̀rọ̀ yín mọ́ àbádòfin mìíràn tó ń lọ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá jọra. Ẹ bi aṣòfin yín nípa ọ̀nà méjèèjì.

Ṣé kí ẹ tún lọ? Ẹ tún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró di oṣù kẹrin. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ọjọ́ ogun yìí sì wà nílẹ̀: ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní 2027 ni ilé yóò tún jókòó, àti láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìdìbò oṣù kọkànlá 2026, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, ni àwọn aṣòfin ti lè máa gbé àbádòfin wọlé. Ẹ fẹ́ kí tiyín wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, nítorí pé èyí tó bá tètè wọlé ló ní ìrètí pé wọn yóò gbọ́ ọ nínú oṣù kẹta. Ẹ ní kí aṣòfin yín wá ẹnì kan ní Sẹ́nétì tí yóò gbé ìbejì rẹ̀ wọlé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan lè máa rìn bí èkejì bá dúró. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ni mo lè sọ èyí fún tí yóò tètè yé.

Ẹ lọ bá àwọn tí orúkọ wọn wà lábẹ́ “Against” nínú ìwé ẹlẹ́rìí, tí ẹ bá rí wọn, kí ọdún yìí tó parí. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń bá jà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí: aago tí ẹ kúrò nílé aláìsàn kìíní, aago tí ẹ dé ilé èkejì, iye máìlì, iye epo. Ẹ má ṣe fi orúkọ aláìsàn sí i. Àwọn tó ń ṣírò owó àbádòfin máa ń fojú díwọ̀n bí kò bá sí òǹkà gidi nílẹ̀, ìfojúdíwọ̀n wọn sì sábà máa ń tóbi. Bí ẹ bá gbé oṣù mẹ́fà òǹkà yín fún aṣòfin yín nínú oṣù kọkànlá, yóò ní ohun tó lè gbé síwájú wọn kí wọ́n tó kọ iye kankan sílẹ̀.